Nọ́ńbà Tí Alájì Kò Fẹ́ Fi Sílẹ̀

Rodiat ti wọ abẹ́ tábìlì kẹrin láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó di tọ́ọ̀ṣì sẹ́nu, ó ń fi ọwọ́ kan tọ wáyà fóònù lẹ́bàá ògiri, ó sì ń fi ọwọ́ kejì kọ ohun tó ń rí sínú ìwé tó tẹ́ sílẹ̀. Eruku ti bo ìborùn rẹ̀. Òórùn ẹja àti yìnyín gba gbogbo ilé. Ó tọ wáyà náà dé igun, ó sì bá a pé ẹnì kan ti fi ọ̀bẹ gé e níbẹ̀, wọ́n wá fi ọ̀rá wé ẹnu rẹ̀ bí ẹni wé ẹ̀kọ.

Ó yọ tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. "Bùrọ̀dá Israel! Wáyà yìí kò lọ síbì kankan o!"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe bá a, Ẹnjiníà," Israel dá a lóhùn láti ẹnu ọ̀nà. Ọmọ Ìlàjẹ ni, òun ló ń ṣọ́ yàrá yìnyín náà ní Ẹ̀pẹ́. "Láti ọdún mẹ́ta tí mo ti débí, fóònù orí tábìlì yẹn kò dún rí. Ó kù kí ẹyẹ wá yé ẹyin sórí ẹ̀."

"Ọdún mẹ́ta! Ẹ sì ń nu eruku ara ẹ̀ lójoojúmọ́?"

"Èmi ni mo ń nù ún."

Rodiat mi orí. Kò sí ohun tó máa ń bí i nínú tó iṣẹ́ àṣedànù. Ó kọ ọ́ sínú ìwé: *Fóònù kẹrin, òkú.* Ó wá fà lọ sábẹ́ tábìlì karùn-ún.

Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni. Ó ti jáde ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ìkòròdú lọ́dún tó kọjá, ó sì ń kọ́ iṣẹ́ fífi fóònù àti nẹ́tíwọ̀kì sí ọ́fíìsì lọ́dọ̀ Ìyáàfin Bámgbóṣé ní Agric. Ìyá rẹ̀ ń gbálẹ̀ nílé-iṣẹ́ kan ní Industrial Estate, ohun tó sì ń rí níbẹ̀ kò lè gbé ọmọ dé ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ṣùgbọ́n Ìyáàfin Bámgbóṣé ti ṣe ìlérí kan. "Iṣẹ́ Mojúbàolú yìí, ìwọ ni kó o ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin," ló wí. "Bó o bá ṣe é bó ṣe yẹ, màá fi orúkọ rẹ ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ gbogboniṣe, ilé-iṣẹ́ wa ni yóò sì gbé ẹrù ẹ̀kọ́ rẹ." Láti ọjọ́ náà, Rodiat kì í jí láàárọ̀ kó má kọ́kọ́ ronú kan ìlérí yìí.

Ẹja tútù ni Ọ̀gbẹ́ni Mojúbàolú ń tà. Ibi mẹ́ta ló ní: ilé ẹja ńlá ní Ìkòròdú Industrial Estate, ṣọ́ọ̀bù ní Agric, àti yàrá yìnyín ní Ẹ̀pẹ́, nítòsí Ọjà Olúwo, níbi tí àwọn obìnrin elẹ́ja ti máa ń gbé ẹja tiwọn náà pamọ́ sí. Ibi kọ̀ọ̀kan ló ní sáfà tirẹ̀. Sáfà yìí ni ẹ̀rọ kékeré tó ń darí gbogbo fóònù inú ilé: òun ló mọ̀ pé bí ẹnì kan bá tẹ nọ́ńbà báyìí, fóònù yàrá báyìí ni kó dún. Àmọ́ sáfà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò mọ ara wọn rí. Bí ará Agric bá fẹ́ béèrè iye ọ̀bọ̀kún tó kù ní Ẹ̀pẹ́, àfi kó jáde síta gbangba, kó na fóònù alágbèéká rẹ̀ sókè bí ẹni ń ṣọdẹ ẹyẹ, kó máa wá nẹ́tíwọ̀kì kiri. Iṣẹ́ Rodiat ni láti so sáfà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kí gbogbo fóònù ilé-iṣẹ́ náà lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni pé abẹ́ òrùlé kan ni wọ́n wà.

Ìyáàfin Bámgbóṣé kì í jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀rọ kí wọ́n tó fọwọ́ kan pẹ́ńsù. Orí ìwé ni Rodiat ti kọ́kọ́ so wọ́n pọ̀. Ó fa ìlà láti Ìkòròdú dé Agric, láti Agric dé Ẹ̀pẹ́, láti Ẹ̀pẹ́ padà sí Ìkòròdú, kó lè jẹ́ pé bí ọ̀nà kan bá dí, ìpè yóò gba ọ̀nà kejì. Ìyẹn kò le. Nọ́ńbà ló le. Nígbà tí wọ́n ra sáfà kọ̀ọ̀kan, ẹni tó tà á béèrè ẹni tó jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀, ó sì fún un ní 101. Bó ṣe di pé 101 mẹ́ta wà nílé-iṣẹ́ kan ṣoṣo nìyẹn. Bí oníkálùkù bá wà nínú ilé tirẹ̀, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí a bá so wọ́n pọ̀, tí ẹnì kan wá tẹ 101, èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kó dún?

Rodiat pín in báyìí: Ìkòròdú ló ni gbogbo nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ení, Agric ló ni ti èjì, Ẹ̀pẹ́ ló ni ti ẹ̀ta.

"101 gan-an ńkọ́?" ni Ìyáàfin Bámgbóṣé bi í.

"Máníjà Ìkòròdú, mà?"

"Rárá. Nọ́ńbà tó rọrùn jù, ẹni tí a máa ń fi igbe pè là ń fún, kì í ṣe ẹni tí a máa ń kí."

Wọ́n fi 101 fún yàrá ẹ̀rọ ní Ìkòròdú, níbi tí Adédayọ̀ wà. Adédayọ̀ yìí nìkan ló mọ tinú tẹ̀yìn gbogbo ẹ̀rọ yìnyín ilé-iṣẹ́ náà. Irin ni ògiri yàrá rẹ̀, fóònù alágbèéká kì í wọ ibẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Mojúbàolú fọwọ́ sí ètò náà. Máníjà Ìkòròdú rẹ́rìn-ín, ó gba 120. Ará Agric kò tilẹ̀ bìkítà. Ó wá ku Ẹ̀pẹ́.

Rodiat ṣì wà lábẹ́ tábìlì karùn-ún nígbà tó rí bàtà méjì tó ń dán yinrin níwájú rẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, wọ́n ní ìwọ lo fẹ́ gba nọ́ńbà mi."

Alájì Láwàl ni, máníjà Ẹ̀pẹ́. Rodiat rá jáde, ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, sà. Kì í ṣe pé a fẹ́ gbà á, sà, a fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ ni. 301 ni tiyín báyìí."

"Ọ̀ọ́dúnrún ó lé kan?" Alájì wo Israel bí ẹni tí wọ́n bú ní gbangba. "Ẹ̀yìn èèyàn mélòó ni wọ́n wá tò mí sí yìí? Ta ni wọ́n gbé 101 fún?"

"Yàrá ẹ̀rọ ní Ìkòròdú, sà. Bùrọ̀dá Adédayọ̀."

"Mẹkáníìkì!" Alájì pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Ẹni tó ń fi òróró ẹ́ńjìnnì para! Kí ó tó mọ ọ̀nà Ìkòròdú ni èmi àti Mojúbàolú ti ń gbé ẹja nínú agbọ̀n. Nígbà tí wọ́n gbé fóònù débí, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ fún. Àwọn ẹgbẹ́ mi bá dé ẹnu géètì, 'ẹ bá wa tẹ 101' ni wọ́n ń wí. Kí n wá sọ fún wọn pé wọ́n ti já mi wálẹ̀?"

"Ọ̀gá ti fọwọ́ sí i, sà."

Alájì yíjú sí Israel. Ó ní kí Israel lọ wo ilẹ̀kùn yàrá yìnyín bóyá ó tì dáadáa. Nígbà tí Israel jáde tán, ohùn rẹ̀ yí padà, ó wá rọ̀ bí òwú.

"Jókòó, ọmọ mi. Ìwọ fi 301 kún fóònù mi, kí àwọn ará Ìkòròdú lè máa fi pè mí. Kọ 301 sínú ìwé wọn. Ṣùgbọ́n nínú sáfà tibí, fi 101 mi sílẹ̀ fún mi. Ta ni yóò mọ̀? Ta tilẹ̀ ni yóò pe mẹkáníìkì láti ibí?"

"Sà, bí nǹkan bá..."

"Kí ni nǹkan fẹ́ ṣe?" Ó na ọwọ́ sẹ́yìn tábìlì, ó gbé ọ̀rá dúdú kan jáde. Ọ̀bọ̀kún yíyan márùn-ún ló wà níbẹ̀, wọ́n sanra, wọ́n pọ́n bí idẹ. "Gbé èyí fún ìyá rẹ. Àmọ́ bí o bá kọ̀, màá kọ lẹ́tà sí ọ̀gá rẹ pé ọmọ tó rán wá rí mi fín. Mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ rán ọ lọ sílé ẹ̀kọ́."

Inú bí Rodiat débi pé etí rẹ̀ gbóná. Ó mọ ohun tó yẹ kó sọ, ọ̀rọ̀ náà sì ti dé ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rántí ìyá rẹ̀ tó ń ti ìgbálẹ̀ Industrial Estate bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tó ń fi ọwọ́ di ìbàdí mú. Ó rántí lẹ́tà. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni, ó sọ fún ara rẹ̀. Ó gba ọ̀rá náà. Àwọn àgbà ní bẹ́nu bá jẹ, ojú á tì. Ẹnu Rodiat kò tíì jẹ, ojú ti tì í ná.

Ó yí gbogbo nọ́ńbà Ẹ̀pẹ́ padà, ó fi ẹyọ kan sílẹ̀. Nínú ìwé, ó kọ ọ́ báyìí: *Gbogbo rẹ̀ ti yí padà. Mo pe 101 láti yàrá yìnyín Ẹ̀pẹ́, Adédayọ̀ gbé e.* Ó fọwọ́ sí i.

Nígbà tó padà dé Agric, Ìyáàfin Bámgbóṣé ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ìwọ fúnra rẹ lo pe 101 láti Ẹ̀pẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí ni Adédayọ̀ wí?"

"Ó ní... ó ní ohùn mi já gaara, mà."

Irọ́ kìíní a máa kúrú. Irọ́ kejì ni a máa ń fi ohùn ènìyàn sí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n so sáfà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Agric pe Ẹ̀pẹ́, Ẹ̀pẹ́ dáhùn. Ìkòròdú tẹ 301, Alájì gbé e, ó sì dá wọn lóhùn pẹ̀lú ọ̀yàyà. Gbogbo èèyàn ń yin Rodiat. Òun fúnra rẹ̀ ló wá lẹ pátákó kékeré kan mọ́ ògiri yàrá yìnyín ní Ẹ̀pẹ́: *BÍ Ẹ̀RỌ BÁ DÁKẸ́, TẸ 101.*  Ó tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa kó má bàa ṣí.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kẹta lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ yìnyín Ẹ̀pẹ́ dákẹ́. Iná wà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò lọ. Israel nìkan ló wà níbẹ̀. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan bọ́tìnì kankan láìjẹ́ pé Adédayọ̀ sọ èyí tí yóò tẹ̀ àti ìgbà tí yóò tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ 101. Ó ń gbọ́ ọ tó ń dún létí rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbé e. Ó tún un tẹ̀. Ó pe fóònù alágbèéká Adédayọ̀, kò wọlé. Ó pe ti Alájì, wọ́n ní ó wà ní pípa. Ó padà sídìí 101.

Lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà ní òdìkejì àgbàlá, nínú ọ́fíìsì tí wọ́n ti fi kọ́kọ́rọ́ tì láti ọjọ́ Ẹtì, fóònù Alájì ń dún lórí tábìlì, kò sí ẹnìkan tó gbọ́ ọ.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé mọ́, omi ti ń ṣàn lábẹ́ ilẹ̀kùn yàrá yìnyín. Àwọn obìnrin elẹ́ja dé, wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n fọwọ́ di imú. Ìyá Mùsílímátù, tó ti kó ẹja ọ̀sẹ̀ kan gbáko síbẹ̀, gbé epìyà kan, ó tẹ̀ ẹ́, ìka rẹ̀ wọlé. Kò sunkún. Ó jókòó sórí apẹ̀rẹ̀, ó ní, "Ta ni mo ṣẹ̀?"

Nígbà tí wọ́n rí Adédayọ̀ gbé wá láti Ìkòròdú, ó wo ẹ̀rọ náà ní ẹ̀ẹ̀kan, ó dúró kí ọwọ́ aago tó ń wọn agbára inú ẹ̀rọ sọ̀ kalẹ̀, ó tẹ bọ́tìnì pupa kan. Ẹ̀rọ náà ké, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò gbà ju bí ẹni bu omi mu lọ. Gbogbo ẹja wọ̀nyẹn ti bàjẹ́ nítorí ohun tí ènìyàn lè sọ lẹ́nu lórí fóònù!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Ọ̀gbẹ́ni Mojúbàolú pe gbogbo wọn jọ sí ọ́fíìsì Alájì. Bí Rodiat ti ń tẹ̀ lé Ìyáàfin Bámgbóṣé gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, Alájì fà á sẹ́yìn.

"Ọmọ mi, di ẹnu rẹ o," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Ìwé yẹn, orúkọ rẹ ló wà lára ẹ̀, kì í ṣe tèmi. Bí ilé yìí bá wó, orí rẹ ló máa wó lé. Ilé ẹ̀kọ́ rẹ ń bọ̀ lọ́nà, má fi ẹnu ara rẹ lé e padà."

Rodiat wọlé, ó dúró lẹ́bàá ògiri. 

"Mo pè, sà," ni Israel ń wí. "Láti ọ̀sán ni mo ti ń pè. Mo ń gbọ́ ọ tó ń dún. Wọn ò gbé e ni."

"Kò dún, sà," ni Adédayọ̀ dáhùn. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Mo wà nídìí fóònù yẹn láti àárọ̀ ọjọ́ Àìkú di àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Oúnjẹ mi gan-an, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo ti jẹ ẹ́. Kò dún."

"Ṣé èmi wá ń purọ́ ni?" Israel bi í.

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní kò dún."

"Ẹ ò rí i?" Alájì fi ọwọ́ lu tábìlì. "Ẹ ò rí bí wọ́n ṣe ń sùn lẹ́nu iṣẹ́, sà! Mo ti wí i nígbà yẹn pé ẹni bí èyí kọ́ là ń gbé irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́. Ẹ lé e kó máa lọ! Ẹ̀kọ́ ló máa jẹ́ fáwọn ìyókù."

"Ẹ lé ẹni tí ẹ bá fẹ́ lé," ni Ìyá Mùsílímátù wí láti orí àga rẹ̀. "Ẹni tí ẹ lé ò ní mú ẹja mi jí."

Ọ̀gbẹ́ni Mojúbàolú mí kanlẹ̀. "Adédayọ̀, ọdún mẹ́sàn-án lo ti bá mi ṣiṣẹ́. Ó dùn mí. Lọ kó ẹrù rẹ."

Adédayọ̀ kò jiyàn. Ó kàn ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tó ń béèrè lọ́wọ́ wọn ohun tí wọ́n ṣe. Ojú tó fi wò wọ́n yẹn ni Rodiat kò lè fara dà. Ìbínú ru bò ó lójú, kò sì mọ ẹni tó ń bínú sí jù, bóyá Alájì ni, bóyá ara rẹ̀.

"Ẹ dúró, sà!" Ohùn rẹ̀ ga ju bó ṣe rò lọ. "Ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ìka yẹn kọ́ ló ṣẹ̀. Bùrọ̀dá Israel, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sí yàrá yìnyín, kí ẹ tẹ 101 bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ Àìkú."

"Irú ìranù wo nìyí?" Alájì dìde. "Ọmọdé ń pàṣẹ láàrin àgbà?"

"Israel, lọ," ni Ọ̀gbẹ́ni Mojúbàolú wí.

Wọ́n dúró. Wọ́n ń gbọ́ ẹsẹ̀ Israel bó ti ń sọ̀ kalẹ̀, tó ń kọjá àgbàlá. Lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́.

Fóònù iwájú Alájì dún.

 Ó dún lẹ́ẹ̀kejì, ó dún lẹ́ẹ̀kẹta. Ìyá Mùsílímátù wo fóònù, ó wo Alájì, ó tún wo fóònù. Ọ̀gbẹ́ni Mojúbàolú na ọwọ́ kọjá níwájú Alájì, ó gbé e sétí.

"Hẹ́lò?"

"Bùrọ̀dá Adédayọ̀!" Ohùn Israel jáde ketekete, gbogbo wọn gbọ́ ọ. "Ẹ̀yin nìyẹn? Ẹ ṣé o! Ẹ wá gbé e lónìí!"

Adédayọ̀, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, fi ọwọ́ bo ojú.

Rodiat kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kò tẹ orí ba. "Èmi ni mo ṣe é, sà. Alájì ní òun ò fẹ́ fi 101 sílẹ̀, mo fi í sílẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní bí mo bá kọ̀, àwọn máa kọ lẹ́tà sí ọ̀gá mi pé mo rí àwọn fín; wọ́n fún mi ní ẹja márùn-ún, mo gbà á. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé mo ti pe 101 láti ibí. N kò pè é. Irọ́ ni mo pa, mo sì fọwọ́ sí i."

"Ó ń purọ́ mọ́ mi!" Alájì kígbe.

 Ìyáàfin Bámgbóṣé ti ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ti wọ inú sáfà, ó ń ka àkọsílẹ̀. "Ọjọ́ Àìkú," ó wí níkẹyìn, ohùn rẹ̀ tutù bí ilẹ̀ yàrá yìnyín. "Ìpè mẹ́tàdínlógún láti ìsàlẹ̀ sí fóònù yìí. Alájì, ó yẹ kí wọ́n wà lójú fóònù yín títí di ìsinsìnyí. Wọn ò sí níbẹ̀ mọ́. Ta ló pa wọ́n rẹ́?"

Alájì wúkọ́. "Mo rò pé... mo rò pé àwọn oníbàárà ni."

"Ẹ rí i!" Rodiat kò mọ ìgbà tó dìde. "Ẹ rí i láàárọ̀ ọjọ́ Ajé! Ẹ mọ̀, ẹ pa á rẹ́, ẹ wá jókòó síbí, ẹ ní kí wọ́n lé ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀! Nítorí nọ́ńbà! Nọ́ńbà tí èèyàn ò lè jẹ, tí èèyàn ò lè wọ̀!"

"Rodiat," ni Ìyáàfin Bámgbóṣé wí. "Àgbà lò ń bá sọ̀rọ̀."

"Ẹ má bínú, mà."

"Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́!" Ìyá Mùsílímátù ti dúró, ó ti so ìró rẹ̀ le. "Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Tiwa wà lọ́jà, ẹja wa ló rà! Alájì, ọjọ́ tí mo bá kú, ẹ kọ 101 sí mi níwájú orí, bóyá wọ́n á jẹ́ kí n kọ́kọ́ wọlé lọ́run! Ìwọ ọmọ yìí náà," ó yíjú sí Rodiat, "mi ò tíì dárí jì ọ́ o. Ẹja márùn-ún lo jẹ, o bá a fi tèmi ṣòfò. Ó kéré tán, o sọ ọ́."

Ọ̀gbẹ́ni Mojúbàolú ní kí Alájì fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lórí tábìlì, kó sì bá àwọn obìnrin elẹ́ja sọ bí yóò ṣe tún ọ̀ràn wọn ṣe, kó tó fẹsẹ̀ kan ọ́fíìsì náà mọ́. Ó bẹ Adédayọ̀. Adédayọ̀ gbà, ṣùgbọ́n nígbà tí Rodiat wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, kò ní kó dìde.

"Láti àná ni ìyàwó mi ti ń wò mí bí ọ̀lẹ," ó wí. "Ó ní òun ò mọ̀ pé oorun ni mo máa ń lọ sùn níbi iṣẹ́. Ìwọ ni kó o wá sọ fún un pé mi ò sùn."

"Màá wá, sà. Lọ́la."

"Ó dáa."

Ìyáàfin Bámgbóṣé dúró de Rodiat nísàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. "Orúkọ rẹ kò ní lọ lọ́dún yìí," ó wí. "Mo ti kọ lẹ́tà náà. Màá fà á ya."

Omi lé ròrò sí ojú Rodiat, ṣùgbọ́n kò bẹ̀ ẹ́. "Mo gbọ́, mà."

"Bí Alájì bá ti kọ lẹ́tà sí mi pé o rí òun fín, ìwé rẹ ni ǹ bá fi dá a lóhùn. Ìwé tó jẹ́ òótọ́ ni ǹ bá gbà gbọ́ ju lẹ́tà rẹ̀ lọ. Kí ló dé tí o kò rò ó bẹ́ẹ̀?"

 Rodiat ti fi ìwé òótọ́ tó lè gbà á là ra ohun tó ń bà á lẹ́rù.

"Iṣẹ́ náà kò tíì parí," ni Ìyáàfin Bámgbóṣé wí, ó sì wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Rodiat padà sókè. Alájì ṣì jókòó síbẹ̀, ó ń kó ìwé rẹ̀ sínú báàgì pẹ̀lú ìkùnsínú.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ sún ọwọ́ yín díẹ̀. Mo fẹ́ mú fóònù."

Ó gba 101 kúrò lórí rẹ̀, ó fi 301 nìkan sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó mú ìwé tuntun, ó bẹ̀rẹ̀ láti yàrá kìíní. Ilé Ẹ̀pẹ́ ní fóònù mọ́kànlá tó ń ṣiṣẹ́. Ó dúró nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó pe Ìkòròdú, ó pe Agric. Kò kọ *ó dára* síwájú ẹyọ kan. Ó kọ orúkọ ẹni tó gbé e, ó kọ ohun tí ẹni náà wí, ó kọ aago tó lù. Ó ní kí wọ́n pa ìlà tó ti Ẹ̀pẹ́ lọ tààrà sí Agric fún ìgbà díẹ̀, ó sì pe Agric láti rí i bóyá ọ̀nà kejì tó fà gba Ìkòròdú lórí ìwé ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ó ń ṣiṣẹ́. Wọ́n tún tan ìlà náà padà.

Ó fi yàrá yìnyín ṣe ìkẹyìn. Kò tẹ nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀. "Bùrọ̀dá Israel, ẹ̀yin ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ yín ni yóò máa tẹ̀ ẹ́."

Israel tẹ 101. Kò dún tó ẹ̀ẹ̀mejì.

"Yàrá ẹ̀rọ, Ìkòròdú," ni ohùn kan tó já ṣáká wí. Adédayọ̀ kọ́ ni, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni, ohùn ẹ̀rọ sì ń hó lẹ́yìn rẹ̀. "Ta ni? Kí ló bàjẹ́?"

"Kò sí ohun tó bàjẹ́," ni Israel wí. Ó rẹ́rìn-ín. "A ní ká rí i pé ẹ wà níbẹ̀ ni."

Rodiat kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ó na ìwé sí Israel, ó ní kó fọwọ́ sí i pẹ̀lú òun.

"Èmi ni wọ́n ń ní kí n fọwọ́ sí ìwé?" ni Israel béèrè.

"Ẹ̀yin ni. Ìwé tí èèyàn bá fọwọ́ sí, ẹlòmíràn ló ń gbé iṣẹ́ àti oúnjẹ rẹ̀ lé e lórí. Mo fi ẹja ìyá yẹn àti orúkọ Bùrọ̀dá Adédayọ̀ kọ́ ọ. N kò tún ní kọ ohun tí n kò ṣe mọ́, bí wọ́n tilẹ̀ fi ilé ẹ̀kọ́ mẹ́wàá bẹ̀ mí."

Israel fọwọ́ sí i. Rodiat ká ìwé náà, ó kó páláyà àti tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sínú báàgì, ó gbá ìdọ̀tí wáyà tó gé kúrò nílẹ̀ sínú ọ̀rá. Ó kí wọn, ó gba ẹnu géètì jáde, ó sì forí lé ibi tí yóò ti wọ ọkọ̀ Ìkòròdú.